Bí A Ṣe Ń Fún Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tuntun Onírù Kékeré Ní Orúkọ Yorùbá

Ẹni tó bá ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Adó-Èkìtì, tàbí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkẹ́rẹ́, tàbí tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣe ìpàdé ní Ìjerò, kò lè ṣe kó má bá irú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pàdé, èyí tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà á ní orí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, wọn á wá so ìrù kékeré kan mọ́ ọn lẹ́yìn: "-let", "-ette", "-ling" tàbí "-ie". Báyìí ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá "selfie", "applet", "chiplet" àti ọ̀pọ̀ mìíràn tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lónìí tí wọ́n sì ń gbàgbé lọ́la. Àwọn onímọ̀ èdè ń pe ìrù yìí ní àfòmọ́ ìparí, wọ́n sì ń kọ́ wa pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ nǹkan di kékeré. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ẹni tó ń túmọ̀ bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, kíá ni yóò ti fi "kékeré" tàbí "ọmọ" kún ọ̀rọ̀ tó wà lórí, tí yóò sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ìlànà tí mo fẹ́ tò kalẹ̀ síbí wà fún ẹni tí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìrù ni lóòótọ́

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó parí sí "let" tàbí "et" ló ní ìrù. "Outlet" kò ní. "Let" tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí pé kí a jẹ́ kí nǹkan kọjá, ojú ọ̀nà àbájáde sì ni ohun tí odindi ọ̀rọ̀ náà ń sọ. "Internet" náà kò ní. Àwọ̀n ni "net" tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù láti dán ọ̀rọ̀ wò ni kí ẹ gé ìrù náà kúrò, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ohun tó ṣẹ́ kù lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ bá ti odindi ọ̀rọ̀ náà tan. Bí ẹ bá gé "booklet", "book" ni yóò kù, ìwé sì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ. Bí ẹ bá gé "bullet", akọ màlúù ni yóò ṣẹ́ kù fún yín, èyí tí kò bá ọta ìbọn tan níbikíbi.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìrù nígbà kan rí, lọ́dọ̀ àwọn Faransé tí Gẹ̀ẹ́sì ti yá wọn. "Bullet" wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí bọ́ọ̀lù kékeré, "budget" sì wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àpò awọ kékeré. Ẹni tó ń túmọ̀ kò ní láti gbé ìyẹn rù, nítorí kò sí ẹni tó ń ka ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àpò awọ. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. "Cigarette" ní orí, ó sì ní ìrù, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, orí la gbà, a fi ìrù sílẹ̀, a pè é ní sìgá. "Cassette" ní tirẹ̀ gbé ìrù rẹ̀ wọlé, ó di kásẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń gbọ́ àpótí kékeré nínú rẹ̀. Bí ìrù bá ti kú báyìí, ẹ má jí i; odindi ohun náà ni kí ẹ fún lórúkọ.

Iṣẹ́ wo ni ìrù náà ń ṣe?

Ìbéèrè tó yẹ kó gba àkókò yín jù lọ nìyí. Ìrù tí wọ́n ń sọ pé ó ń sọ nǹkan di kékeré máa ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ mìíràn tí kò kan títóbi tàbí kíkéré rárá, iṣẹ́ tó bá sì ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ tó wà níwájú yín ni yóò pinnu ohun tí ẹ óò sọ ní Yorùbá.

Nígbà mìíràn, ìwọ̀n gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, "droplet" kò wọ́n nínú ìkéde ìlera, kíkéré ohun náà sì ni kókó ọ̀rọ̀: itọ́ tó ń fò jáde lẹ́nu ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tó ń sín, tó kéré débi pé ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ẹni tó pè é ní "ẹ̀kán itọ́" kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ̀kán tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ ni èyí tó ń kán láti ẹnu òrùlé, tí a lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Itọ́ wínníwínní" ló gbé ìtumọ̀ náà délé, nítorí pé ẹni tó ti rìn nínú òjò wínníwínní mọ bí omi ṣe ń kún inú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé a gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù.

Nígbà mìíràn, ọjọ́ orí ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀dọ́kùnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ ń jẹ́ Golden Eaglets. Wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kéré. Ohun tí ìrù náà ń sọ ni pé wọn kò tíì dé ipò àgbà tí Super Eagles wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Falconets, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 20 lọ, tí wọ́n ṣe ipò kejì ní àgbáyé ní 2010 àti 2014. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà tẹ́lẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì fún irú ẹyẹ kékeré kan àti fún irú àgbá kékeré kan tí wọ́n ń yìn láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá yóò sọ̀rọ̀ nù. Orúkọ ẹgbẹ́ ni, bí ó ṣe wà náà ni kí ẹ pè é. "Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin" tí ẹ bá fi kún un ni yóò ṣe iṣẹ́ ìrù náà.

Ìrù "-ie" sábà máa ń sọ ìfẹ́ tàbí ìfararora. Òun ló wà nínú "auntie" tí a sọ di àǹtí, ẹ sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́wọ́ wa: ní Èkìtì, ẹni tó bá pe obìnrin kan ní àǹtí ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Ìrù "-ette" lè sọ pé ohun kan jẹ́ àfarawé, bíi "leatherette", tó jẹ́ ohun tó jọ awọ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe awọ. Ó sì lè sọ pé obìnrin ni à ń sọ, bíi "suffragette", tí ìwé ìròyìn Daily Mail ní Lọ́ńdọ̀nù dá sílẹ̀ ní 1906 láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, tí díẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n fi ń yangàn. Ìrù "-ling" máa ń sọ ọmọ ẹran tàbí irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ṣùgbọ́n bí ó bá lẹ̀ mọ́ ènìyàn, ẹ̀gàn ló sábà máa ń gbé wá, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú "underling", ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ abẹ́ lásán, àti "hireling", ẹni tó ń tìtorí owó nìkan ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, ẹ wá gbólóhùn mẹ́ta tí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ti lò ó, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ńlá" ṣáájú rẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá dúró láìsí ìjà, á jẹ́ pé kíkéré kò sí nínú ìrù náà. Ènìyàn lè ya "selfie" ńlá, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ó sì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. "Droplet" ńlá ni etí kò tètè gbà.

Ohun tí Yorùbá ní lọ́wọ́

Yorùbá kì í fi ìrù sọ nǹkan di kékeré. Iwájú ọ̀rọ̀ ni "ọmọ" máa ń wà: ọmọ ẹyẹ, ọmọ ewúrẹ́, ọmọ ajá. Fún ohun abẹ̀mí tó ní ìyá, kò sí àléébù níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ohun tí kì í bímọ. Nínú ilé tí wọ́n ti ń gúnyán, ọmọ odó kì í ṣe odó kékeré. Igi gbọọrọ tí a ń gbé sókè tí a ń jù sílẹ̀ ni, ó sì lè ga ju odó fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ ọlọ kì í ṣe ọlọ kékeré. Òkúta tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì tì síwá tì sẹ́yìn lórí ọlọ ni. Nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, "ọmọ" ń sọ ohun tí a kò lè lò láìsí èkejì rẹ̀. Nínú "ọmọ ogun" àti "ọmọ ẹgbẹ́", ó ń sọ ẹni tó wà lára àwọn kan. Nítorí náà, ẹni tó bá pe "booklet" ní "ọmọ ìwé" ti fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ pe ìwé. Bákan náà, ẹni tó ń kọ ìwé fún àwọn tó ń wá wo omi gbígbóná àti omi tútù ní Ìkògòsì, tó bá pe "streamlet" ní "ọmọ odò", lè mú kí àwọn àgbàlagbà máa ro ọmọ tí odò fi tọrẹ. "Ìṣàn omi" ti tó.

Lẹ́yìn "ọmọ", a tún ní "wẹ́wẹ́", bíi nínú òkúta wẹ́wẹ́ àti igi wẹ́wẹ́. Ẹ má gbàgbé pé "wẹ́wẹ́" fẹ́ràn ohun tó bá pọ̀. Kò rọrùn láti fi sọ nípa ẹyọ kan ṣoṣo. "Péńpé" ń sọ kíkúrú, bí ó ti wà nínú ṣòkòtò péńpé. Ohùn pàápàá ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa, lọ́nà tí Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀: bí a bá sọ pé nǹkan rí ròbòtò, ó tóbi, bí a bá gbé ohùn sókè tí a pè é ní róbótó, ó ti kéré, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan kò yí padà. Èmi gbà pé a kì í lo ohun èlò yìí tó bó ṣe yẹ nínú ìtumọ̀.

Síbẹ̀, àwọn orúkọ tó dára jù lọ tí a ti dá fún irú ọ̀rọ̀ yìí kò dárúkọ kíkéré rárá. "Booklet" ni ìwé pẹlẹbẹ, nítorí bó ṣe rí lọ́wọ́. "Leaflet" ni ìwé ìléwọ́, nítorí bí wọ́n ṣe ń há a fún ènìyàn. Ẹni tó dá àwọn orúkọ wọ̀nyí kò wo ìrù Gẹ̀ẹ́sì. Ohun náà gan-an ló wò, ó wo ìrísí rẹ̀ àti ìlò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "hillock" ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa tipẹ́tipẹ́, gegele, kò sì sí ìdí tí a fi máa pè é ní "òkè kékeré". Ẹ kàn má pe òkè Olósùnta ní gegele níṣojú ará Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi "selfie" ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀

Àkọsílẹ̀ "selfie" tó pẹ́ jù tí a mọ̀ wá láti Ọsirélíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, níbi tí ọkùnrin kan tó fi ẹnu gbá ilẹ̀ nígbà tó mutí yó ti fi àwòrán ètè rẹ̀ tó fàya hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Ọsirélíà fẹ́ràn kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ kúrú kí wọ́n sì fi "-ie" sí i: "barbie" ni wọ́n ń pe ẹran sísun níta gbangba, "firie" ni wọ́n ń pe panápaná. Ní 2013, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford yan "selfie" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọdún náà, wọ́n sì sọ pé ìlò rẹ̀ ti fi ìdá 17,000 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín ọdún kan.

Pẹ̀lú ohun tí a ti mọ̀ yìí, iṣẹ́ ìrù náà kò fara sin mọ́. Àwàdà àti ìfararora ni, ìwọ̀n kò sí níbẹ̀. Ẹ lè jù ú nù láìbẹ̀rù, nítorí pé fọ́tò kò nílò ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ní Yorùbá kí a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn ni. Ohun tó kù tí orúkọ yín gbọ́dọ̀ gbé ni pé ẹni tó wà nínú àwòrán náà ló yà á.

"Àwòrán ara ẹni" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré sọ. Kò pé, nítorí pé fọ́tò tí ayàwòrán wá yà fún bàbá àgbà ní 1970, tó wà nínú férémù lórí ògiri, àwòrán ara rẹ̀ lòun náà. "Àwòrán tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà" pé, ṣùgbọ́n àlàyé ni, kì í ṣe orúkọ. "Àfọwọ́-ara-ẹni-yà" ti sún mọ́ orúkọ, àmọ́ ẹ fún ẹni tó ń ka ìròyìn kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan, ẹ óò rí i bí èémí rẹ̀ ṣe máa ń já.

"Àdáyà" kúrú, ó sì dùn: ẹni náà dá a yà, gẹ́gẹ́ bí àdáṣe ṣe wá láti inú dá ṣe. Lórí ìwé, kò sí ohun tó ṣe é. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ni àléébù rẹ̀ wà, nítorí pé "dáyà" ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀ nínú "dáyà já", etí àgbàlagbà yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ ìpayà kí ó tó gbọ́ fọ́tò. Èyí ni ìdí tí mo fi máa ń sọ pé kí a fi etí yan ọ̀rọ̀ tuntun ṣáájú kí a tó fi ojú yàn án.

Èyí tí mo fara mọ́ ni "fọ́tò àfúnrayà". "Fúnra" ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa tipẹ́: mo ṣe é fúnra mi, wọ́n kọ́ ilé náà fúnra wọn. Ó gba ẹnì kan, ó sì gba àwùjọ, nítorí náà nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó bá fún ara wọn pọ̀ síwájú fóònù kan ṣoṣo níbi ìgbéyàwó ní Adó, tí gèlè ẹnì kan ń bo ojú ẹlòmíràn, ohun tí wọ́n yà ṣì jẹ́ àfúnrayà. Ó tún fúnni ní ọ̀rọ̀-ìṣe láìsí wàhálà: a ya fọ́tò náà fúnra wa. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò lè kọ ọ́ ní "sẹ́lífì", kí ó rí i pé fáwẹ̀lì wà láàárín kọ́ńsónáǹtì méjèèjì, nítorí Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé ara wọn.

Ìkìlọ̀ kan kù lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Selfie" ti bímọ. Àwọn ènìyàn ti gé "-fie" kúrò lára rẹ̀ bí ẹni pé fọ́tò ni ó túmọ̀ sí, wọ́n sì fi ṣẹ̀dá "helfie" fún àwòrán irun ẹni àti "shelfie" fún àwòrán pẹpẹ ìwé ẹni. Bí irú wọn bá dé, ẹ má ṣe kọ́ wọn lé "àfúnrayà" lórí. Fọ́tò irun àti fọ́tò pẹpẹ ìwé ni wọ́n, ó sì parí.

Níbi tí kíkéré jẹ́ òtítọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe kókó

"Chiplet" yàtọ̀ sí "selfie", nítorí pé ohun náà kéré lóòótọ́. Tẹ́lẹ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà sábà máa ń jẹ́ ẹyọ ṣíípù kan tí wọ́n gé lára silicon, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ṣíípù. Bí ẹyọ náà bá ṣe tóbi tó ni ó ṣe ṣeé ṣe tó kí àbùkù wà níbì kan lára rẹ̀, àbùkù kan ṣoṣo sì lè sọ odindi di ohun àdànù. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi AMD wá pín iṣẹ́ náà sáàárín ọ̀pọ̀ ṣíípù kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ sínú ilé kan náà. Láti 2019 ni èyí ti wọ́pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ń rà lọ́jà. Bí ọ̀kan bá ní àbùkù, òun nìkan ni wọn yóò jù nù.

"Ṣíípù kékeré" kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ kò tíì mọ nǹkan kan, nítorí pé gbogbo ṣíípù ló kéré lójú wa. "Ọmọ ṣíípù" ń dún bí ẹni pé ìyá kan wà níbì kan tó bí i, tàbí pé, bíi ti ọmọ odó, odó kan wà tó ń bá ṣiṣẹ́. Kókó ibẹ̀ ni pé kò sí èyí tó dá dúró nínú wọn, wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ni. Nítorí náà, "ṣíípù alájọṣe" ni èmi yóò kọ sínú ìwé kíláàsì. Fún "applet", tó jẹ́ áàpù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú ètò mìíràn, "áàpù àgbàsínú" lè tọ́, ṣùgbọ́n ohun náà fúnra rẹ̀ ti ń di ohun àná, kò sì yẹ kí ènìyàn fi alẹ́ gbogbo ronú lé e.

Oko àti adágún ẹja

Àwọn tó ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ àṣìṣe lè ná lówó jù, nítorí náà kí wọ́n ṣọ́ra. Àwọn tó ń sin ẹja ń sọ "fingerling", orí ọ̀rọ̀ náà sì ni ìka. Ẹni tó bá sáré fi "ọmọ" sí i yóò ní "ọmọ ìka", èyí tí gbogbo wa ní mẹ́wàá lọ́wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, orí kò dárúkọ ohun náà rárá, òṣùwọ̀n rẹ̀ ló sọ: ẹja tó gùn tó ìka. "Ọmọ ẹja" ni ohun tí ẹ óò sọ nínú ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó ni ẹ fẹ́ dárúkọ, ẹ sọ pé "ọmọ ẹja tó tó ìka", kí ẹni tó ń rà má baà san owó èyí tó tóbi fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin.

"Plantlet" tún gba ìfarabalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń sọ nípa ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n mú hù nínú ìgò ní yàrá ìwádìí láti ara ègé bíńtín kan. Bí ẹ bá pè é ní "ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀", èyí tí wọ́n ń wú nídìí ìyá rẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò rò, bẹ́ẹ̀ ìyẹn lè kó kòkòrò àti aràn láti ilẹ̀ oko kan lọ sí òmíràn, tó sì jẹ́ pé torí kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń lo ti inú ìgò. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ìgò" kò dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kedere. Ti iṣu ló rọrùn jù. "Minisett" fi àmì kíkéré síwájú bíi tiwa, ó jẹ́ èbù tí wọ́n gé sí nǹkan bíi gíráàmù 25, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Umudike àti ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ṣe là á kalẹ̀ kí àgbẹ̀ lè rí irú iṣu púpọ̀ láti ara iṣu díẹ̀. Kíkéré ni ọgbọ́n ibẹ̀, wọ́n sì máa ń pọ̀, nítorí náà "èbù wẹ́wẹ́" bá a mu láìkù síbì kan.

Kí ẹ tó gbé orúkọ náà jáde

Ẹ pè é sókè nínú odindi gbólóhùn, kì í ṣe lóun nìkan. Ẹ pè é fún ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ ní kí ó sọ ohun tó gbọ́; bí ó bá ní kí ẹ tún un pè, orúkọ náà ti gùn jù tàbí ohùn rẹ̀ ti jọ ti ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó dára kí ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ óò bi jẹ́ àgbàlagbà tó ṣì ń sọ ẹ̀ka èdè Èkìtì ní pọ́ńbélé. Irú wọn máa ń sọ ilé di "ulé", wọ́n sì ń sọ iṣu di "usu", nítorí náà bí orúkọ tí ẹ dá bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ì", ẹ lè gbọ́ "ù" padà lẹ́nu wọn. Kì í ṣe àṣìṣe, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ yí àkọtọ́ yín padà. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "à" ni kì í ní wàhálà yìí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lò ó nínú ìròyìn tàbí nínú ìwé, ẹ fi gbólóhùn kúkúrú kan ṣàlàyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa lò ó bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tuntun méjì sínú gbólóhùn kan náà. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ óò máa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sí, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ìrù rẹ̀ ń ṣe, orúkọ tí ẹ yàn, àwọn tí ẹ kọ̀ àti ìdí tí ẹ fi kọ̀ wọ́n, nítorí pé ẹlòmíràn yóò tún mú "àdáyà" wá lọ́la, yóò sì dára kí èsì ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ẹ padà wo ìwé náà. Bí ẹ bá rí i pé "sẹ́lífì" ti borí lẹ́nu àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń ta káàdì fóònù, ẹ lo sẹ́lífì nínú ìròyìn, kí ẹ sì jẹ́ kí "àfúnrayà" wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, níbi tí olùkọ́ ti nílò ọ̀rọ̀ tó lè tú palẹ̀ lójú pátákó fún àwọn ọmọ.